Mo Dé Orí Igi Páìnì, Mi Ò Bá Ìpàdé Kankan Níbẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí léèrè ohun tí mo lọ kọ́ nílùú òyìnbó. Bí mo bá sì dá yín lóhùn, ẹ ó wo ara yín lójú, ẹ ó ní kí n má fi yín ṣeré. Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣeré. Kòkòrò ni mo lọ kọ́. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo kòkòrò, èyí tó ń gbé lórí igi páìnì nìkan ni. Ìjọba ti gbin igi náà sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nítorí bébà tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe, àwọn kòkòrò kan sì ti ń jẹ ẹ́ kí bébà ó tó dé. Ọ́fíìsì igbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn wá ní kí ẹnì kan lọ wo bí òyìnbó ṣe ń mọ ohun tó wà lórí igi. Wọ́n bi wá pé ta ni kì í bẹ̀rù òkè. Èmi ni mo nawọ́.

Iṣẹ́ kejì, ìyá mi ló rán mi, òun gan-an ló sì wúwo. Ojú ìyá mi ti ń ṣókùnkùn. Ti apá òsì ti lọ pátápátá, dókítà sì ti ní ti ọ̀tún kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ wé e, ó ní kí n gbé e fún Mọ́rẹ̀, àbúrò òun. "Sọ fún un pé mo fẹ́ fi ojú tó kù yìí rí i."

Auntie Mọ́rẹ̀ ti wà ní London láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì wálé rí. Gbogbo wa nínú ilé la mọ ìdí rẹ̀, a kàn kì í sọ ọ́ ni. Igi gíga kan wà lẹ́yìn ilé bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tíṣà kan ló gbìn ín láyé àtijọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lù ú, á máa fun fèrè bí ènìyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Délé, àkọ́bí Auntie, kú sẹ́yìn ìyá mi tó pọ̀n ọ́n. Igi náà fun fèrè títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní àwọn kan ló ń ṣèpàdé lórí rẹ̀, pé àwọn ló mú ọmọ náà. Auntie ní àwọn wo? Wọ́n ní ẹni tó sún mọ́ ọn ni. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni ẹni tó pọ̀n ọ́n. Auntie di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìkíni ní Abbey Wood

Òyìnbó tó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò ní pápákọ̀ òfurufú bi mí pé kí ni mo wá kọ́. Mo ní kòkòrò. Ó ní ṣé kò sí kòkòrò ní Nàìjíríà ni. Mo ní ó wà, àpọ̀jù rẹ̀ ló gbé mi wá. Ó lu òǹtẹ̀ sí i láì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ibùdókọ̀ ojú irin ní Abbey Wood ni Auntie ti pàdé mi. Ó wọ kóòtù lé aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ojú ìyá mi ló gbé wọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ilẹ̀ ọ̀hún tutù. Kí n tó dìde, obìnrin òyìnbó kan ti di ọwọ́ mi mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù, bàbá àgbàlagbà kan sì ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fẹ́ fi bò mí.

"Múfú, jọ̀ọ́, dìde," ni Auntie wí. "Wọ́n fẹ́ pe ambulance."

"Ẹ káalẹ́ mà."

"Mo ti gbọ́. Dìde."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ohun tó ṣe mí, pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé òyìnbó kì í bìkítà fún ọmọnìkejì. Èmi ò tíì dé ìlú tí wọ́n ti yára báyìí láti gba ẹ̀mí mi là. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ń kí gbogbo aládùúgbò Auntie lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kí níbẹ̀.

Thamesmead

Bọ́ọ̀sì gbé wa gba Harrow Manorway. Kọnkéré ni gbogbo ilé ibẹ̀, ọ̀kan gun orí èkejì, àwọn ènìyàn sì ń gba orí afárá rìn lókè, mọ́tò ń kọjá lábẹ́ wọn. Adágún omi wà láàárín ilé, pẹ́pẹ́yẹ sanra nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n bí ẹni wo ọbẹ̀. Ẹṣin ń jẹ koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Mo bi Auntie pé ọba wo ló ni wọ́n. Ó ní kò sí ọba níbẹ̀, council ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo máa kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Woolwich, mo dá wọ bọ́ọ̀sì. A dé ibì kan ní Thamesmead West tí ilé ńlá tuntun kan wà. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọgbà rẹ̀ ga, iná mọ̀nàmọ́ná yí i ká, ó mọ́ tónítóní. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ mi nìyí. Mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé mi. Ọkùnrin ẹnu géètì bi mí pé ta ni mo wá wò. Mo ní mi ò wá wo ẹnikẹ́ni, pé mo wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi ni. Ó ní àwọn kan ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ló máa ń fún wọn ní admission. Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni.

Mo ti kó ẹrù ilé fún Auntie lálẹ́ àná rẹ̀. Ó gba gàrí Ìjẹ̀bú, ó ju díẹ̀ sẹ́nu, ó ní ó kan bó ṣe yẹ. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọmọdékùnrin kan. Mo sọ ti ojú ìyá mi fún un. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi.

"I'm praying for her," ló wí.

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí yín mà."

"Mi ò lè dé ilé yẹn, Múfú. O mọ̀."

Mo ní mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń nu ilé, á gbé kásẹ́ẹ̀tì náà, á nù ún, á dá a padà sáàyè rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Páàmà

Olùkọ́ mi ní Woolwich, Ọ̀mọ̀wé Páàmà, gùn, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, súwẹ́tà kan ṣoṣo ló sì wọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, mo bá a kẹ́dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n máa fi orúkọ àbísọ pe òun, ẹnu mi kọ̀ ọ́, ni mo bá ń pè é ní Ọ̀gá. Bí iṣẹ́ mi bá dára gan-an, á ní kò burú. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, á ní ó wuni láti gbọ́. Mo fi oṣù mélòó kan rò pé ọ̀rọ̀ mi ń wu ú gbọ́.

Ohun kan mú wa bára mu. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló sọ pé sorry. Èmi náà ní pẹ̀lẹ́. Òun tún ní sorry. Kò sí ìran méjì láyé tó ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọn ò ṣe bí àwa Yorùbá àti àwọn òyìnbó wọ̀nyí, mo sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá bá wa nílé.

Òun ló kọ́ mi ní ìbéèrè tó gbé mi dé ọ̀hún: ṣé ohun tó wà lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi náà ló wà lókè? Ó ní àwọn ènìyàn ti máa ń ka kòkòrò ibi tí ọwọ́ wọn bá tó, wọ́n á wá kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo igi ni wọ́n kà. Mo ní ó dà bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó wá ń ròyìn iyàrá. Ó ní ìyẹn kò burú.

Orí igi

Igbó kan wà lórí òkè láàárín Abbey Wood àti Plumstead, páìnì sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo igi tó kù ti wọ́ ewé dànù nígbà òtútù, páìnì nìkan ló wọ aṣọ rẹ̀ títí. Nígbà tí ooru dé díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òwúrọ̀ kùtù la máa ń lọ, torí afẹ́fẹ́ kì í tíì jí, òtútù sì máa ń mú ara kòkòrò wúwo. Wọ́n fún mi ní bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí àti ìwé ìlànà tó nípọn, kí n fi gun igi. Mo wò ó títí. Igbà ni. Igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé wa ni, àfi pé tiwọn ní ìwé. Mo ní Bísímílà, mo gùn ún.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro sọ. A ó ta aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀ka, a ó fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà, ohun tó bá já bọ́ la ó ṣà sínú ìgò. Bí a bá ṣe é nísàlẹ̀ tán, a ó ṣe é láàárín, a ó ṣe é lókè. Nísàlẹ̀ níbi tí òjìji pọ̀, aláǹtakùn ló wọ́pọ̀, pẹ̀lú àwọn wínníwínní kan tó ń jẹ ohun tó bu sára èèpo igi. Ọ̀mọ̀wé kò jẹ́ kí n ka aláǹtakùn mọ́ wọn, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀ ti lé. Láàárín igi ni àwọn kòkòrò jewéjewé wà, wọ́n tẹ́ gbọọrọ lórí ewé, àwọ̀ wọn bá ewé mu débi pé ewé gan-an kò lè dá wọn mọ̀. Lókè pátápátá níbi tí oòrùn ti ń tà tí ewé sì rọ̀, ọjà ni. Àwọn kékeré aláwọ̀ ewé ń mu omi igi, àwọn pupa tó ní tóótòòtó dúdú lẹ́yìn ń jẹ wọ́n, àwọn agbọ́n tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sì ń yé ẹyin sínú wọn láàyè. Èyí tó wà létí ẹ̀ka kò jọ èyí tó wà nídìí rẹ̀. Igi kan náà ni o, àwọn ará òkè kò mọ̀ pé àwọn ará ìsàlẹ̀ wà láyé.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣóńṣó, ọ̀rọ̀ Auntie wá sí mi lọ́kàn. Mo rí odò Thames, mo rí Thamesmead, mo rí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́sí. Mo wá fara balẹ̀ wo ibi tí mo wà. Kò sí ìjókòó. Ẹ̀ka ibẹ̀ kò lè gba ènìyàn méjì. Bí wọ́n bá ń ṣèpàdé lórí irú igi yìí, á jẹ́ pé alága nìkan ló ń wá.

Ìgò inú fírìjì

Ọjọ́ Sátidé ni Auntie máa ń se oúnjẹ ọ̀sẹ̀. Ìrẹsì lúbúlúbú ló ń rò bí iyán, ó ń fún mi ní tòlótòló pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ata rodo rẹ̀ wá láti ọjà Woolwich. Lọ́jọ́ tí Ọ̀mọ̀wé Páàmà fi oúnjẹ tiwọn ṣe mí lálejò, ẹja ni wọ́n gbé wá, wọ́n da ìyẹ̀fun bò ó, wọ́n dín in, wọ́n wá bu ọtí kíkan lé e. Mo bi í pé ata ńkọ́. Ó na iyọ̀ sí mi.

Inú fírìjì Auntie ni mo ń kó ìgò mi sí. Spirit tí wọ́n fi ń nu egbò ni mo rẹ àwọn kòkòrò náà sí kí wọ́n má bàa jẹrà. Auntie jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò rí ohun tó burú nínú spirit. Ó bi mí pé kí ni ìyẹn, mo ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí n má ṣáà gbé e súnmọ́ ọbẹ̀ òun.

Sister Rónkẹ́ ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti Auntie ń lọ, inú ilé ìkẹ́rù kan ní Thamesmead West, níbi tí àwọn tó ń ta táyà ti jẹ́ aládùúgbò wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Plumstead ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó yà sílé lọ́jọ́ kan, ó ṣí fírìjì láti mu omi, ó rí ìgò tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí lára: TREE 4, TOP, SPIRIT.

"Brother Múfú," ó ní, "spirit tó wà lórí igi lẹ gbé sínú fírìjì Mummy?"

"Rárá, inú spirit ni wọ́n wà," ni mo wí.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń gbé lókè. Àwọn ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìn mílíìkì."

Ó gbé omi náà kalẹ̀ láì mu ún.

Aṣọ funfun

Kí ẹ má bàa dá obìnrin náà lẹ́bi, ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ló ń gba inú igbó yẹn lọ síbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù, ló bá bá mi lábẹ́ igi. Mo ti so aṣọ funfun mọ́ igi mẹ́rin. Mo gbójú sókè. Kòkòrò jewéjewé kan kọ̀ láti já bọ́, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ lóhùn òkè, mo ní, "Jọ̀ọ́, sọ̀kalẹ̀ wá, mo ti ń retí rẹ." Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ bá bá mi lábẹ́ ìrókò báyìí, ṣé ẹ ó dúró bi mí léèrè? Mo yíjú, mo kí i, mo ní ẹ káàárọ̀. Háà, eré tí Sister Rónkẹ́ sá, àwọn ajá tí òyìnbó kó wá síbẹ̀ dúró wò ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Sister Rónkẹ́ ròyìn mi fún Auntie ní ṣọ́ọ̀ṣì. Auntie délé, kò bọ́ gèlè. Ó lọ tààrà síbi tó ń kó aṣọ sí.

"Múfú, white bedsheet tí mo fún ọ dà?"

"Ó wà lábẹ́ igi mà."

Ó jókòó. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Mo ní kí kòkòrò lè hàn la ṣe ń lo funfun. Kò dà bí ẹni tó ń gbọ́.

"Mo sá fún igi nílé," ló wí nígbà tó yá. "Mo sá títí mo fi dé Thamesmead. O wá gbé orí igi wọnú fírìjì mi. Múfú, it's either iṣẹ́ yẹn tàbí ilé yìí. Choose."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí n ó máa sùn ló bà mí lẹ́rù. Bí mo bá jáde nílé yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi á wà lórí tẹlifíṣọ̀n títí láé, wọn á máa nù ún.

"Auntie, ẹ wá wò ó fúnra yín," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, n ó ṣe ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe."

Ó ní òun kò wá síbi kankan. Síbẹ̀, ó ń bu oúnjẹ fún mi.

Afẹ́fẹ́ dé

Ọjọ́ tí Auntie ní off ni mo rí i tó ń bọ̀ láàárín igi, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ rẹ̀, Bíbélì yọ orí nínú àpò kóòtù. Ó dúró jìnnà sí aṣọ funfun náà. Kí n tó kí i, ohùn kan sọ láti orí igi pé, "Good morning."

Auntie gbá mi mú. "Ẹnì kan wà lórí igi!"

"Ọ̀mọ̀wé Páàmà ni mà. Olùkọ́ mi."

"So ẹnì kan wà níbẹ̀."

Ọ̀mọ̀wé sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ewé nínú irun, ó ní sorry, ó bu tíì fún un nínú fláàsìkì. Auntie gbà á. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ife sẹ́nu ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti apá odò wá, ó gun òkè, ó wọ orí àwọn páìnì náà. Gbogbo wọn ń fun fèrè.

Ife dúró lójú kan.

"Múfú. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyí."

"Mo mọ̀ mà."

"Ohùn kan náà ni." Ó gbójú sókè, ó ń wo igi kan tẹ̀lé òmíràn. "Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ò lè wà níbí."

"Wọn ò ní físà," ni mo wí.

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yí díẹ̀. Mo já ewé páìnì fún un, mo ní kó fọwọ́ kàn án. Mo ní igi tó wà nílé kì í ṣe páìnì gangan, àmọ́ ewé tiẹ̀ náà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá gba àárín irú ewé bẹ́ẹ̀, dandan ni kó dún. Lẹ́yìn náà mo mú ọ̀pá, mo lu ẹ̀ka tó sún mọ́ wa, Ọ̀mọ̀wé sì da àwọn tó ti ṣà lókè kún wọn. Wọ́n já bọ́ sórí aṣọ funfun rẹ̀, àwọn aláwọ̀ ewé, àwọn pupa, aláǹtakùn kan tó fẹ́ sá. Mo fún un ní dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó sì wò wọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo egbò. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

"Àwọn yìí náà ni?"

"Àwọn náà ni mà."

"Kò sí òmíràn?"

"Mo ti dé òkè pátápátá, Auntie. Kì í ṣe igi kan. Mi ò bá ìpàdé kankan níbẹ̀."

Ó yọ dígí lójú. "Ibà ni," ló wí. Mo rò pé kòkòrò ló ń sọ. "Délé. Ibà ló gbé e. Ara rẹ̀ gbóná láti ìjẹta, gìrì ń mú un. Mo ti mọ̀ láti ọdún tí mo ti wọ nursing school, wọ́n kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù níwájú mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibà, Múfú, á jẹ́ pé mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi lásán."

Ó sunkún níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́bàá aṣọ funfun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọ̀mọ̀wé Páàmà na áńkáṣíìfù sí i, ó wá yíjú sí igi kan, ó ń yẹ èèpo rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan lára èèpo náà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì

Bí a ṣe délé, kò tíì bọ́ kóòtù tó fi gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò. Ìyá mi kọ́kọ́ wúkọ́. Àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí Auntie, ó kí iṣẹ́, ó kí òtútù tí kò mọ̀, ó kì í ní oríkì rẹ̀ títí Auntie fi di tẹlifíṣọ̀n mú. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Mọ́rẹ̀, wọ́n ní mo wà lórí igi. Ìwọ náà rò ó. Èmi tí mi ò lè gun àkàsọ̀? Bí a bá fẹ́ gbé àgbàdo sí àjà, ta ló máa ń bá mi gùn ún? Ìwọ kọ́? Òòyì á máa kọ́ mi níbi tí mo dúró sí nílẹ̀."

Auntie bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ìyá mi fi tún sọ̀rọ̀.

"Délé wà lẹ́yìn mi nígbà tó lọ. Èmi ò mọ̀. Mo ṣì ń kọrin fún un. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wá, kí n fi ojú tó kù yìí rí ọ."

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ láì sọ nǹkan kan mọ́. Auntie kò pa á.

Ilé

Èmi ni mo kọ́kọ́ padà wálé. Mo ti jábọ̀ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n máa gun igi kí wọ́n tó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì ní kí n máa bá wọn gùn ún. Ìgbà ọyẹ́ ni Auntie dé. Mo gbé e ti Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojú ọ̀tún ìyá mi kò ju kó máa rí òjìji lọ mọ́.

Auntie kò kọ́kọ́ wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sídìí igi náà. Ọyẹ́ ń fẹ́, igi ń fun fèrè. Ó gbójú sókè, ó wò ó dáadáa, ó wá padà síwájú ilé níbi tí ìyá mi jókòó sí, ó kúnlẹ̀.

"Ta nìyí?" ni ìyá mi wí.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mọ́rẹ̀ ni."

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, ó fà á súnmọ́ ojú ọ̀tún yẹn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó wò ó, ó wò ó.

"O sanra," ló wí.

"Ẹ má bínú," ni Auntie wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Kò sẹ́ni tó gun igi náà rí."

"Mo sọ fún wọn."

Auntie na ọwọ́ kọjá èjìká ìyá mi, ó gbé e lé e lẹ́yìn, níbi tí orí ọmọ máa ń wà.

"Mo ti dé," ló wí. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi."

Ìyá mi gbé ọwọ́ sí àyà, níbi tí wọ́n ti ń so ọ̀já, ó sì tú u.